Ẹkún Tí Leah Dá Padà Lẹ́nu Ọ̀nà

Ìtàn tèmi kò fò jìnnà. Ìdí ògiri àgbàlá wa ní Ìsúndúnrìn ló jókòó sí, níbi tí àwa ìyàwó ilé ti máa ń bó ẹ̀gúsí bí òṣùpá bá yọ, ó sì dá lórí Leah, ìyàwó Àjàmú. Àbúrò Àjàmú ló fẹ́ mi, nítorí náà ìyáálé mi ni Leah nínú agbo ilé náà. Òun ló gba ẹrù lórí mi lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ. Òun ló fà mí sẹ́yìn ilé tó sọ irú ọbẹ̀ tí ọkọ mi kì í jẹ fún mi, kí n má baà kọsẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ènìyàn dáadáa ni. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ṣe.

Wọn kò bí Leah sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Oko kan lọ́nà Ẹ̀jìgbò ni wọ́n bí i sí, ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín ni nígbà tí ilẹ̀ẹ́gbóná wọ oko náà tó mú ìyá rẹ̀ lọ. Àwa tí a ti dàgbà mọ bí wọ́n ti ń ṣe nígbà náà. Ẹni tí àìsàn yẹn bá mú lọ, wọn kì í sunkún rẹ̀. Wọ́n ní bí ènìyàn bá sunkún, àìsàn náà á gbọ́, á sì padà wá mú ẹlòmíràn nínú ilé náà. Ọpẹ́ ni wọ́n máa ń ní kí ará ilé dá. Wọ́n gbé òkú ìyá rẹ̀ kọjá lọ sínú igbó níwájú ọmọ náà, àgbà obìnrin kan sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Sọ pé o dúpẹ́." Ó sọ pé òun dúpẹ́. Obìnrin náà ní, "Tún un sọ, kó gbọ́." Ó tún un sọ.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Leah sọ èyí fún mi láyé rẹ̀, kò sì wò mí lójú bó ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tó di wúńdíá, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì sọ ọ́ ní Leah nígbà tó ṣe ìrìbọmi. Àwọn mìíràn tọ orin lọ síbẹ̀, àwọn mìíràn tọ ìwé lọ. Leah kò mọ̀wé, bí èmi náà kò ti mọ̀ ọ́n. Àjíǹde ló fà á. Ó ní nínú gbogbo ohun tí etí òun ti gbọ́, òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé ẹni tó lọ yóò jí, a ó sì dá a mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Àjàmú fẹ́ ẹ, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Damaris. Lẹ́yìn rẹ̀, Leah kò bímọ mọ́. Èmi kì í pe ọmọ náà lórúkọ, nítorí mo bá a nílé ọkọ ni. Adúmáadán ni mò ń pè é, torí pé ó dú, ó sì ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdín para. Ìyá Àjàmú náà kì í pè é ní Damaris. Ọmọpẹ́ lorúkọ ìyá yìí, ṣùgbọ́n Ìyá Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni gbogbo wa ń pè é, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ló sì padà sí lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Kò ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, kò ṣe mọ́sálásí.

"Orúkọ wo lẹ tún sọ ọmọ yìí, tó ń há mi lọ́fun?"

Leah á rẹ́rìn-ín. "Damaris ni, Ìyá."

"Ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀ fún òyìnbó. Àwẹ̀ró ni tèmi."

Ó wá ṣe oríkì fún Àwẹ̀ró rẹ̀. Kì í ṣe oríkì orílẹ̀, èyí tí gbogbo ilé mọ̀. Ti ọmọ náà nìkan ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń hun ún díẹ̀díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rín ọmọ náà, ó kọjá sí eyín rẹ̀, ó dé orí ìrìn rẹ̀, ó dé orí bó ṣe ń sùn. Gbogbo ìgbà tí ìyá náà bá wá kí wa, oríkì náà á ti gùn sí i. Àwẹ̀ró kì í gbé omi odò délé kó má dà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ìyá rẹ̀ bá bínú, á ní, "Màámi, ilẹ̀ náà ń pòǹgbẹ ni." Ìyá Ifẹ̀-Ọ̀dàn gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, omi náà ti wọ inú oríkì.

Lábẹ́ igi ìyeyè tó wà lẹ́yìn ìlú ni ìyá náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bó bá ń bọ̀. Bí ọmọ náà bá ti gbọ́ ohùn yẹn, ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á jù ú nù, á sáré. A kì í rí ìyá náà kó wọlé láìjẹ́ pé ọmọ náà rọ̀ mọ́ ọn lára bí ewé ẹ̀ẹ̀mọ́.

Ọdún tí ogun àwọn òyìnbó ń lọ lọ́wọ́, tí iyọ̀ wọ́n bí ojú, ni ibà mú Damaris. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré. Lọ́jọ́ tí gìrì gbé e, Àjàmú pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí obìnrin, ó fi aṣọ ìyàwó rẹ̀ gbá a, ó gba ọ̀nà Ẹ̀jìgbò lọ wá ìtọ́jú. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ lójú ọ̀nà, ó ń sọ fún un pé òun á ra àkàrà fún un bí wọ́n bá dé ọjà. Leah ń tẹ̀lé wọn. Òun ló rí i pé ẹsẹ̀ ọmọ náà ti ń fì lọ́nà mìíràn. Ó rìn díẹ̀ sí i kó tó lè fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀ léjìká.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n sin ín sí. Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í lọ síbi tí wọ́n bá ń sin ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Leah lọ, ó ní onígbàgbọ́ ni òun, ó sì fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ. Tíṣà Ajíbóyè ló gbàdúrà. Ọmọkùnrin kan láti Ẹ̀jìgbò ni, kò tíì gbéyàwó nígbà yẹn, kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn wá bá wa. Ó ní ọmọ náà sùn ni, Olúwa yóò jí i, kí a má ṣe banújẹ́ bí ẹni tí kò ní ohun tó ń retí. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Mo wà níbẹ̀, ó wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n etí tí Leah fi gbọ́ ọ ni etí ọmọ kékeré tí wọ́n dì lọ́wọ́ mú lóko ìjọsí. Ó rò pé òfin kan náà tún ni. Nígbà tí èjìká Àjàmú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Leah di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ dákẹ́. Ẹ fẹ́ kí Olúwa sọ pé a kò gbà á gbọ́ ni? Bó bá bínú, tí kò jí i ńkọ́?"

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, kò sì kúrò níbẹ̀. Omijé kan ṣoṣo lè ba àjíǹde ọmọ rẹ̀ jẹ́. Àjàmú gbé ẹkún náà mì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba oko lọ.

Ọjọ́ náà gan-an ni ìròyìn dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn. A ń gún iyán lọ́wọ́ nígbà tí a gbọ́ ohùn ìyá náà lábẹ́ igi ìyeyè. Oríkì yẹn ni, ṣùgbọ́n ó ti di ẹkún. Ohùn rẹ̀ ti há, torí pé láti ilé ló ti ń sun ún bọ̀. Ó ń kì í lọ láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀rín, eyín, ìrìn, omi. Gbogbo àwa obìnrin ju ọmọ odó sílẹ̀, a ká ọwọ́ lérí, a jáde lọ pàdé rẹ̀. Bí a ṣe ń sunkún bọ̀ wọlé pẹ̀lú rẹ̀ ni Leah jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì dí ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún wọ ilé yìí."

Ìyá náà dúró. "Kí lo wí?"

"A kì í sunkún ọmọ yìí. Ọ̀dọ̀ Olúwa ló wà. Bí ẹ bá ń sunkún rẹ̀, ṣe lẹ ń fà á gbà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Léà, èmi ni. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí o bí i."

"Mo mọ̀, Ìyá."

"Ibo wá ni kí n gbé ẹkún yìí kà?"

"Ẹ gbé e fún Olúwa."

"Olúwa yín mọ Àwẹ̀ró jù mí lọ?"

Leah kò gbé apá rẹ̀ kúrò. Ìyá náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó ká ìborùn rẹ̀, ó fi nu ojú, ó yí padà. Kò jókòó, kò mu omi. Mo gbé igbá omi sá tẹ̀lé e.

"Ìyàwó, gbé omi rẹ padà," ló sọ fún mi. "Ọ̀fun mi ti kún."

Kò wá sí Ìsúndúnrìn mọ́.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yin Leah fún ìgbàgbọ́ rẹ̀. Wọ́n máa ń pè é wá sọ̀rọ̀ níbi tí òkú bá ti ṣẹ̀. Ó ń kọrin ju gbogbo wa lọ, ojú rẹ̀ sì gbẹ bí ojú ọ̀nà nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n bí òṣùpá bá yọ, kò jáde mọ́. Nínú wa, òun ló mọ àlọ́ jù tẹ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni a máa ń wò títí ẹ̀gúsí á fi tán lórí atẹ́. Ní alẹ́ kan, àwọn ọmọ bẹ̀ ẹ́, ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ àlọ́ obìnrin kan tó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri létí odò. Ó ń pa á lọ dáadáa títí ó fi dé ibi orin. Ó ya ẹnu, orin kò jáde. Ó ní iṣẹ́ ń bẹ nínú ilé. Àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ń dúró, kò padà wá.

Àjàmú náà kì í sábà wálé mọ́. Ahéré oko ló ń sùn. Leah á gbé oúnjẹ lọ bá a, á bá ojú rẹ̀ tó pọ́n.

"Kí ló ṣe yín lójú?"

"Èéfín ni."

"Èéfín wo, Bàbá Damaris? Iná kò sí níbí."

"Mo ní èéfín ni."

Báyìí ni wọ́n ṣe wà fún ọdún mélòó kan. Ogun òyìnbó parí. Tíṣà Ajíbóyè gbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ bímọ, ọmọ náà kú. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wa lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ti rù, kì í sì í pariwo wàásù mọ́. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó sọ fún wa ìtàn ọ̀rẹ́ Olúwa kan tó kú, tí àwọn arábìnrin ọkùnrin náà ránṣẹ́ pe Olúwa, tí kò tètè dé. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń pa àlọ́, bí àwọn ènìyàn ṣe ń sunkún létí ibojì, bí Olúwa náà ṣe sunkún kó tó ní kí wọ́n gbé òkúta kúrò.

Leah dìde dúró. Obìnrin kì í sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà yẹn.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ṣé ó ti mọ̀ pé òun máa jí i?"

"Ó ti mọ̀, Ìyá Damaris."

"Ó sì sunkún?"

"Ó sunkún."

"Ní kọ̀rọ̀ ni?"

"Níwájú gbogbo wọn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Leah rọra jókòó, ó sì di etí bẹ́ǹṣì mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí a jáde, ó lọ bá Tíṣà níbi tó ti ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kò sọ èyí fún mi lọ́jọ́ tí a sin ọmọ mi."

Tíṣà dá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró. "Ìyá, ọmọdé ni mí nígbà yẹn. Mi ò tíì sin ẹnikẹ́ni."

Mo rò pé yóò sunkún lọ́jọ́ náà. Kò sun ún. Ó ní ẹkún náà kì í ṣe ti òun nìkan, òun ló dá a padà lẹ́nu ọ̀nà, òun gbọ́dọ̀ wá a lọ. Ó fẹ́ jókòó ti Ìyá Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kí ìyá náà kì Àwẹ̀ró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n jọ sun ún. Kò fẹ́ ohun mìíràn láyé. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ oríkì náà. Kí ló fẹ́ kọ́ ọ fún, nígbà tí oníoríkì wà, tó ń kì í lójú rẹ̀? Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ohùn rẹ̀ ló kù létí mi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí.

Ó gbé iṣu, mo gbé ẹ̀gúsí. A lọ, a lọ, a lọ, a kọjá odò, a kọjá ọ̀dàn, títí a fi rí òrùlé Ifẹ̀-Ọ̀dàn. A bá ìyá náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ó ti gbó gan-an. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun létí. Leah kúnlẹ̀, ó tún fi ìgbọ̀nwọ́ kanlẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Leah ni, Ìyá. Ìyàwó Àjàmú."

"Ahá. Onílẹ̀kùn."

Leah kò gbé orí. "Ìyá, mo ṣẹ̀ yín. Ẹkún tí mo dá padà, mo wá gbà á."

"Ẹkún wo?"

"Ti Àwẹ̀ró." Mi ò gbọ́ kó pe ọmọ náà bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá náà ṣa òkúta kan, ó jù ú sílẹ̀. "Ẹkún yẹn ti tán, Léà. Ojú ọ̀nà ni mo ti sun ún. Àwọn obìnrin kan ń ti oko bọ̀. Mi ò mọ̀ wọ́n, wọn ò mọ ọmọ mi. Wọ́n ṣáà sọ ẹrù wọn kalẹ̀, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n bá mi sun ún tán. Lẹ́yìn náà, mo wá sílé."

"Ẹ bá mi kì í, Ìyá. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ìyá náà gbé igbá ẹ̀wà sílẹ̀. Ó nu ẹnu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀:

Àwẹ̀ró, ẹ̀rín rẹ̀ ló ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé,
Ọmọ tó fi omi odò pa òǹgbẹ fún ilẹ̀,

Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó dé ibẹ̀, ó tún dúró. Ẹnu rẹ̀ ń mì, kò sí ohun tó ń jáde. A dúró dè é. Adìyẹ kan wọ inú ẹ̀wà, kò lé e.

"Ó gùn tẹ́lẹ̀," ló wí. "Ó gùn gan-an. Ta ni mo fẹ́ máa kì í fún? Ọmọ kò sí, ẹ̀yin kò sì fẹ́ gbọ́."

Nínú àwọn àlọ́ tí mo gbọ́ ní kékeré, ẹni tó bá padà síbi tó ti ju nǹkan sílẹ̀ máa ń bá a níbẹ̀. Ẹyẹ kan á ti bá a ṣọ́ ọ, tàbí ìyá arúgbó kan létí odò. Leah padà, ó bá ìyá arúgbó náà, ṣùgbọ́n ìlà méjì péré ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹkún ti já. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè ní irú rẹ̀ nínú kó sì máa jẹun, kó máa kọrin. Mo rò pé ti ìyá rẹ̀ tí wọ́n gbé lọ sínú igbó náà wà níbẹ̀. Ìyá Ifẹ̀-Ọ̀dàn na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó fa orí Leah sórí itan. Òun kò sunkún. Ó ń fọwọ́ lù ú lẹ́yìn bí ẹni ń rẹ ọmọ. "Sun ún. Mo ń gbọ́." Ìyẹn nìkan ló ń sọ. Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Ó bu omi fún wa, a mu ún, a sì padà sílé.

Leah kò yà sílé, oko ló gbà lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òun àti Àjàmú jọ wálé, ojú wọn wú. Ọmọ mi bi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ pé kí ló ṣe é lójú.

"Èéfín ni," ni Àjàmú wí, Leah sì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Láti ìgbà náà, bó bá ti odò bọ̀, á yà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, á da omi díẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ọmọ rẹ̀ wà. Àwọn kan lọ fi sun Tíṣà pé Leah ti ń bọ òkú. Tíṣà pè é.

"Ìyá Damaris, kí ni mo ń gbọ́ yìí?"

"Tíṣà, ilẹ̀ náà ń pòǹgbẹ ni."

Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó lọ. Èmi ni mo dúró ṣàlàyé fún Tíṣà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu.

Bí òkú bá ṣẹ̀, Leah ṣì ń lọ jókòó ti olókùú, ṣùgbọ́n kì í wàásù mọ́. Á gbé àga sún mọ́ ọn, á ní kó sunkún, pé Olúwa kò ní bínú, òun ti bèèrè. Nígbà tí Ìyá Ifẹ̀-Ọ̀dàn kú, ẹsẹ̀ ni Leah fi rìn débẹ̀, ó sunkún láti ẹnu ọ̀nà ilé wa títí dé ẹnu ọ̀nà tiwọn, kò sì sí ẹni tó dí i.

Ọdún tí wọ́n fi páànù bo ṣọ́ọ̀ṣì wa, Leah ti di arúgbó. A jókòó sídìí ògiri kan náà, a ń bó ẹ̀gúsí. Ó ń ka ìlà méjì yẹn sínú, bó ti máa ń ṣe. Ó wò mí.

"Ìyàwó, o wà níbẹ̀ nígbà tó ń kì í. Ṣé kò sí èyí tó kù lẹ́nu rẹ?"

Gbogbo ìgbà ló máa ń bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mo ní kò sí.

"Kò burú. Bí a bá jí, Ìyá á rántí ìyókù." Ó bó ẹ̀gúsí kan, ó bó òmíràn. "Ṣùgbọ́n ìbá dùn mọ́ mi kí n ti máa kì í báyìí."

Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe sọ ọ́. Ìlà méjì náà wà lẹ́nu mi, mo sì ti fi kọ́ àwọn ọmọ mi.